Ọdún Kan Pẹ̀lú Ìwé Ìtàn

Tẹ́lẹ̀ rí, bí kò ṣe nítorí ìdánwò, èmi kì í ṣí ìwé ìtàn. Lọ́dún tó kọjá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún ìgbádùn. Ti Fágúnwà ni mo fi bẹ̀rẹ̀, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní 1938.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀rín pa mí. Ìyàwó mi tí ń ka owó ọjà ní kí n kà á sókè. Àwọn ọmọ wá jókòó tì wá. Ojú tì mí! Ìwé yìí kan náà ni mo ń fi pàṣán kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Nísinsìnyí, mo ń kà á fún kíláàsì mi láìbéèrè ohunkóhun. Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ dán an wò.