Ọkọ̀ Òṣùpá ní Ẹ̀yìnkùlé: Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ilé Ìṣeré Ọmọdé

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 1957 ni ìjọba Sófíẹ̀tì fi Sputnik, ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ ènìyàn ṣe tí ó yí ayé po láti òkè, ránṣẹ́ sí gbalasa òfurufú. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ròkẹ́ẹ̀tì fi wọ inú eré ọmọdé, nítorí pé láàárín ọdún 1960 sí 1970 ọ̀pọ̀ ọgbà ìṣeré ní Amẹ́ríkà ni ó ní ròkẹ́ẹ̀tì onírin gogoro tí àwọn ọmọ ń gba inú rẹ̀ gùn dé òkè, tí wọ́n sì ń yọ̀ sọ̀kalẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun tí ìlú ń ṣe nígbà náà ni àwọn òbí kan níbẹ̀ ń ṣe lẹ́yìnkùlé wọn lónìí: ilé ìṣeré, ìyẹn ilé kékeré tí a kọ́ ní ìwọ̀n ọmọdé fún eré nìkan, tí a wá fún ní ìrísí ọkọ̀ tó ń lọ sí òṣùpá.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni ó ṣeé fi ṣe àwòkọ́. Saturn V, ròkẹ́ẹ̀tì tó gbé ènìyàn dé òṣùpá, ga tó mítà 110, bí a bá sì fi igi ṣe kékeré rẹ̀, òpó gogoro tí inú rẹ̀ há jù ni a ó rí. Yàrá tó wà nítòsí ṣóńṣó rẹ̀ ni ó yẹ kí a wò, èyí tí Neil Armstrong, Buzz Aldrin àti Michael Collins wọ̀ lọ sí òṣùpá ní oṣù Keje ọdún 1969, tí ó sì jẹ́ apá kan ṣoṣo tó padà sílé ayé. Ìdí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 3.9, ṣùgbọ́n àyè tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi gbé nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà kúbíìkì 6 lọ, bí inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ńlá kan. Bí a bá dín in kù sí ìdajì, ọmọ méjì yóò rí ibi jókòó. Híhá yìí kì í ṣe àbùkù. Òun gan-an ni ọmọdé ń fẹ́. Ọ̀pọ̀ akọ́lé a máa ná owó tabua sórí ọ̀dà àti ìyẹ́ ìta, kí inú sì ṣófo, bẹ́ẹ̀ ọmọ kì í dúró síta wo ọkọ̀ tirẹ̀.

Nítorí pé pákó kì í fẹ́ tẹ̀ róbótó, ẹ̀gbẹ́ mẹ́jọ ni a sábà máa ń fi rọ́pò òbírí. Òbírí jẹ́ dígírì 360. Bí a bá pín in sí mẹ́jọ, ìyípadà ní igun kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ dígírì 45, etí pákó méjì tó pàdé ni yóò sì pín in, nítorí náà dígírì 22.5 ni káfíńtà yóò dẹ ayùn rẹ̀ sí. Èyí rí bẹ́ẹ̀ bí ògiri bá dúró ṣánṣán. Bí ó bá ń tẹ̀ sínú bíi ti ọkọ̀ òṣùpá, igun náà yóò dín, ó sì sàn kí a kọ́kọ́ fi páálí dán an wò ju kí a ba pákó olówó iyebíye jẹ́. Ní ti pákó tí a ti fi oògùn sí nítorí ikán àti ìjẹrà, kò yẹ kí a lo àlòkù àtijọ́, nítorí pé oògùn tó wọ́pọ̀ jù fún un ní Amẹ́ríkà títí di ìparí ọdún 2003 ní arsenic, tí í ṣe májèlé, nínú.

Ilẹ̀kùn ni ọ̀ràn tí ìtàn gidi ti kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ kíkorò. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 1967, iná sọ nínú ọkọ̀ Apollo 1, ọkọ̀ ètò Apollo tí Amẹ́ríkà fi ń wá ọ̀nà dé òṣùpá, lórí ilẹ̀ nígbà ìdánrawò. Inú ni ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sí, agbára afẹ́fẹ́ tó gbóná sì tì í pa, tí àwọn arìnrìnàjò mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀, Gus Grissom, Ed White àti Roger Chaffee, fi kú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe èyí tó ń ṣí síta láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Ilẹ̀kùn ilé ìṣeré náà gbọ́dọ̀ ṣí síta, kí ó má sì ní kọ́kọ́rọ́. Bákan náà, àlàfo ara àkàbà tàbí ọgbà tó bá fẹ̀ ju ìnṣì 3.5 lọ tí kò tó ìnṣì 9 léwu, nítorí pé ara ọmọ lè gba ibẹ̀ kọjá kí orí rẹ̀ há.

Pátákó ìdarí ni ọkàn iṣẹ́ náà. Nínú ọkọ̀ Apollo, irin kékeré tó tẹ̀ bí ọrun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ súwíìṣì kọ̀ọ̀kan, kí bàtà tàbí ìgbọ̀nwọ́ má baà ṣèèṣì tan ohun tí kò yẹ. Okùn irin lásán ni a fi lè ṣe irú rẹ̀, ojú ọmọ a sì mọ̀ pé nǹkan gidi ni. Iná bátìrì fóltì 12 tó, kì í ṣe iná ilé. Gílóòbù LED, ìyẹn gílóòbù bíńtín tí kì í jẹ iná púpọ̀, kò lè gba gbogbo fóltì 12 yìí, nítorí náà a ó fi rẹ̀sísítọ̀, èròjà tó ń dín ìṣàn iná kù, sáàárín wọn: gílóòbù pupa ń fẹ́ nǹkan bíi fóltì 2, rẹ̀sísítọ̀ tó sún mọ́ ohm 500 yóò sì gba èyí tó ṣẹ́kù. Súwíìṣì tí kò fèsì, ọmọ kì í tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Nígbà tí ròkẹ́ẹ̀tì bá ń gbéra, ẹ̀yìn ni àwọn arìnrìnàjò náà fi ń dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ wọn á wà lókè. Bí a bá ṣe ìjókòó bẹ́ẹ̀, tí a sì so ẹ̀rọ agbóhùnjáde tó ń dún kíkankíkan mọ́ abẹ́ rẹ̀, pákó yóò gbọ̀n gidi. Ọ̀rọ̀ tún lè máa lọ láti ilé ìdáná, tí yóò dúró fún ayé, sí inú ọkọ̀. Láti ayé dé òṣùpá, ohùn rédíò ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 1.3, kọ̀ǹpútà kékeré bíi Arduino sì lè dá ìdáhùn láti ilé ìdáná dúró bẹ́ẹ̀: ọmọ á tẹ bọ́tìnì, gílóòbù ìdáhùn á sì tàn lẹ́yìn ìdúró náà. (Nígbà ètò Mercury tó ṣáájú Apollo, ibùdó kan ní Kánò nílẹ̀ Nàìjíríà wà lára àwọn tó ń bá arìnrìnàjò sọ̀rọ̀, arìnrìnàjò John Glenn sì bá a sọ̀rọ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1962.) Ẹ̀yìn pátákó náà kò yẹ kí ó jẹ́ èyí tí a kàn ní ìṣó pa, bí kò ṣe èyí tí a lè tú, nítorí pé ọmọ tó wọ inú ọkọ̀ yìí ní ọdún márùn-ún lè fẹ́ tún wáyà rẹ̀ so fúnra rẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá.