Kí a tó sọ fún ọmọ wa pé kí ó lọ bẹ ìyàwó rẹ̀

Àwọn ọmọ wa pọ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Láti Kétu, láti Sábẹ̀ẹ́, láti Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti lọ, wọ́n ti gbéyàwó, wọ́n sì ti bímọ níbẹ̀. Bí ìjà bá dé láàárín tọkọtaya, orí tẹlifóònù ni a ti ń gbọ́. Kíá, a ó pe ọkọ: "Lọ bẹ̀ ẹ́. Lọ dọ̀bálẹ̀ fún un. Má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá ọ̀rọ̀ náà." Ìmọ̀ràn rere ni, bí kò bá sí ìwé adájọ́ láàárín wọn. Bí ó bá wà, ìmọ̀ràn yìí kan náà lè gbé ọmọ wa wọ ẹ̀wọ̀n.

Irú ìwé méjì ni ó wà. Èyí tí a kọ́kọ́ ń gbọ́ ni ordonnance de protection, ìwé ààbò, tí òfin ọdún 2010 dá sílẹ̀. Obìnrin tí ọkọ ń lù, tàbí tí ọkọ ń halẹ̀ mọ́, lè lọ bá adájọ́ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹbí. Kò di dandan kí ó kọ́kọ́ fẹjọ́ sun ọlọ́pàá. Bí adájọ́ bá ti dá ọjọ́ tí wọn yóò wá rojọ́, kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 6 lọ kí ó tó dáhùn. Ó lè ní kí ọkọ kúrò nílé, kí ó má ṣe dé àwọn ibì kan, kí ó má sì bá obìnrin náà ní ohunkóhun pọ̀ lọ́nàkọnà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí "lọ́nàkọnà" yìí. Tẹlifóònù wà nínú rẹ̀, lẹ́tà wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ tí ọkọ bá rán àbúrò tàbí ìyá rẹ̀ sí i wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Oṣù 6 ni ìwé náà ń lò tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 2024, ó lè tó oṣù 12.

Ẹni tí ó bá rú u ti kúrò nínú ìjà ilé, ó ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Bí kò tilẹ̀ na ọwọ́ sí obìnrin náà, lílọ tí ó lọ ti tó ẹ̀ṣẹ̀. Títí di ọdún 2024, ìjìyà rẹ̀ lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún 2 àti 15 000 yúrò. Òfin oṣù kẹfà ọdún náà gbé e lọ sí ọdún 3 àti 45 000 yúrò, èyí tí ó lé ní mílíọ̀nù 29 nínú owó CFA wa.

"Ṣùgbọ́n ìyàwó fúnra rẹ̀ ni ó pè é pé kí ó wá jẹun!" Bẹ́ẹ̀ ni a máa ń wí. Ìwé náà kì í ṣe ti ìyàwó, ti adájọ́ ni. Ọkọ ni ó dè, òun náà ni yóò jìyà rẹ̀. Bí àárín wọn bá ti dára, kí ọ̀kan nínú wọn padà tọ adájọ́ lọ. Ó lágbára láti yí i padà tàbí láti mú un kúrò. Kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, ìwé dúró.

Àwọn àgbà kan ń sọ pé òfin òyìnbó ń tú ilé ká. A kò gbà. Obìnrin tí ó sá jáde lóru pẹ̀lú ojú wíwú nílò ọjọ́ díẹ̀ láti mí. Àwọn ọkọ tí wọ́n sì ń fi ìwé ìgbélùú dẹ́rù ba ìyàwó wọn, kí wọ́n mọ̀ pé obìnrin àjèjì tí adájọ́ bá fún ní ìwé ààbò ní ẹ̀tọ́ sí ìwé ìgbélùú ọdún kan ní orúkọ ara rẹ̀.

Ìwé kejì ni sursis probatoire. Kí ó tó di ọdún 2020, sursis avec mise à l'épreuve ni wọ́n ń pè é. Níbí, a ti dá ọkùnrin náà lẹ́bi, a ti ka oṣù tàbí ọdún ẹ̀wọ̀n fún un, ṣùgbọ́n adájọ́ gbé ẹ̀wọ̀n náà kọ́ sí àjà. Ó padà sílé rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n kò tíì lọ. Láàárín ọdún 1 sí 3, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tí ó ti ṣẹ̀ rí, adájọ́ kan ń ṣọ́ ọ. Ó gbọdọ̀ jẹ́ ìpè, kí ó sì gba òṣìṣẹ́ tí a rán sí i láàyè. Bí ó bá pààrọ̀ iṣẹ́ tàbí ilé, kí ó sọ. Bí yóò bá rin ìrìn tí ó ju ọjọ́ 15 lọ, kí ó sọ. Bí yóò bá sì jáde kúrò ní ilẹ̀ Faransé, kí adájọ́ gbọ́ kí ó tó lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá nìyẹn. Bàbá kú ní Kétu, a ní kí àkọ́bí wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ́la. Bí ó bá ní òun ń dúró láti sọ fún adájọ́ ná, ẹ má pè é ní ọmọ burúkú.

Bí ó bá rú àwọn àṣẹ wọ̀nyí, wọ́n lè rán ọlọ́pàá mú un wá. Adájọ́ lè fa àkókò náà gùn, ó sì lè já ẹ̀wọ̀n tí ó wà lájà lulẹ̀, lápá kan tàbí pátápátá. Ìwé méjèèjì sì lè wà lọ́rùn ẹnì kan ṣoṣo. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lọ kan ilẹ̀kùn ìyàwó rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹjọ́ tuntun ti wà, ẹ̀wọ̀n àtijọ́ sì lè jí.

Nítorí náà, bí tẹlifóònù bá dún, kí a ní kí ọmọ náà ka ìwé rẹ̀ sí wa létí: ọjọ́ tí a kọ ọ́, ọjọ́ tí yóò parí, ibi tí a ní kí ó má dé, ọ̀nà tí adájọ́ là fún un láti rí àwọn ọmọ rẹ̀. Ohun tí kò bá yé wa níbẹ̀, agbẹjọ́rò rẹ̀ ni kí ó bi.