Èdè-Ìperí fún Ẹ́ńjìnì Ayípo àti Àyẹ̀wò Ìbàjẹ́ Rẹ̀

1. Ìfáárà
Bí ọkọ̀ bá pàdánù agbára, gbólóhùn tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì ni pé, "Ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kì." Gbólóhùn yìí kò ran ẹni tí ó ń kọ́ni nípa ẹ́ńjìnì Felix Wankel, ará Jámánì, lọ́wọ́. Ọdún 1964 ni ilé-iṣẹ́ NSU bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ tí ó ní irú ẹ́ńjìnì yìí. Mazda ti ilẹ̀ Jàpáàn tẹ̀ lé e ní 1967.

2. Àwọn ẹ̀yà
Irin onígun mẹ́ta ni ó ń yí nínú ilé kan tí ó fẹ́ jọ èèpo ẹ̀pà ọlọ́mọ méjì. AYÍPO ni ó yẹ kí irin náà máa jẹ́, láti ara *yípo*, gẹ́gẹ́ bí *apẹja* ti jáde láti ara *pẹja*. Kò yẹ kí a pè é ní písítìnì, nítorí ojú kan ṣoṣo ni písítìnì fi ń ṣiṣẹ́, mẹ́ta sì ni ti ayípo.

Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà ní igun kọ̀ọ̀kan tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jò láti ìyẹ̀wù kan sí èkejì. *Èdídí* wà nínú èdè, ṣùgbọ́n lẹ́tà ni ó ń mú wá sí ọkàn. ADÍGUN (a + dí + igun) sọ iṣẹ́ àti ipò rẹ̀ pọ̀. Dandan ni kí a fi àmì sí i, kí a má baà kà á sí oríkì Àdìgún. Bákan náà ni ADÍHÀ, èyí tí ó ń dí ìhà.

3. Àyẹ̀wò
Bí ẹ́ńjìnì gbígbóná bá ṣòro láti ṣí, tí ó sì ń gbọ̀n lójú kan, ìfúnpọ̀ ni kí a wọ̀n. Ẹ́ńjìnì tí ó ní ayípo 2 ní ojú 6, nítorí náà iye 6 ni a ó kọ sílẹ̀. Òṣùwọ̀n lásán máa ń di iye tí ó ga jù mú, ó sì ń bo ojú tí ó bàjẹ́ mọ́lẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá fi písítìnì kọ́ yóò kọ iye 2 péré, yóò sì pe ẹ́ńjìnì aláìsàn ní alááfíà. Fún Mazda RX-8, ìfúnpọ̀ kò gbọdọ̀ dín sí 680 kilopascal bí ẹ́ńjìnì bá ń yí ní ìgbà 250 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ojú méjì lára ayípo kan bá lọ sílẹ̀ tí ìkẹta dára, adígun tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì ni kí a fura sí.

4. Ìwakọ̀
Ayípo kan lè máa gbé ọkọ̀ lọ bí èkejì bá ti bàjẹ́. Èyí ni ó ń tan awakọ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí olùtúmọ̀ ya ADÍGUN GBÍGBÓ sọ́tọ̀ kúrò lára ADÍGUN KÍKÁN. Ti àkọ́kọ́ ṣì lè gba ìwakọ̀ jẹ́jẹ́, bí a bá ń yẹ ọ́ìlì wò déédéé, nítorí ẹ́ńjìnì náà ń jó ọ́ìlì díẹ̀ láti fi pa adígun lára. Ṣùgbọ́n adígun tí ó kán ń họ ara ilé ayípo, ó sì lè bá èéfín jáde lọ ba tọ́bò jẹ́. Kí a pa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kí a sì wọ́ ọ lọ. Bí ìwé ìtọ́ni bá kọ "adígun tí ó bàjẹ́" fún méjèèjì, awakọ̀ kò ní mọ èyí tí yóò ṣe.