Ọbabìnrin tó ṣàánú ọmọ òrukàn: ohun tí Pushkin kò kọ nípa ilé rẹ̀

Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni, nínú ọgbà ààfin Tsarskoye Selo ní Rọ́ṣíà. Masha Mironova, tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti pa bàbá àti ìyá rẹ̀, pàdé obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun, tí ajá kékeré kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Masha kò mọ̀ ọ́n. Ó jókòó tì í, ó sọ ẹdùn ọkàn rẹ̀ fún un: wọ́n ti fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan àfẹ́sọ́nà òun, bẹ́ẹ̀ ni kò mọwọ́-mẹsẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè é sí ààfin ló tó mọ̀ pé Ọbabìnrin Catherine Kejì gan-an lòun bá sọ̀rọ̀. Ọba dá ọ̀dọ́mọkùnrin náà sílẹ̀, ó sì ṣèlérí láti tọ́jú ọmọ òrukàn náà.

Bí Alexander Pushkin ṣe parí ìwé ìtàn rẹ̀, Ọmọbìnrin Ọ̀gá Ológun, tó jáde lọ́dún 1836, nìyẹn. Pushkin yìí náà ni bàbá àgbà ìyá rẹ̀, Abram Gannibal, jẹ́ ọmọ Áfíríkà tó dàgbà lọ́dọ̀ Ọba Peter Ńlá. Ìtàn náà dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ilé Catherine yóò béèrè pé: ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Ọmọ tirẹ̀ ńkọ́?

Ọmọ ọdún 14 ni Catherine nígbà tí wọ́n mú un wá láti Jámánì lọ́dún 1744. Lọ́dún 1745, ó fẹ́ Peter, àrólé ìtẹ́. Ilé ọkọ kò tù ú lára. Bó ṣe bí Paul lọ́dún 1754 ni Ọbabìnrin Elizabeth, àbúrò ìyá ọkọ rẹ̀, gba ọmọ náà, ó sì ń tọ́ ọ lọ́dọ̀ ara rẹ̀. Lọ́dún 1762, Catherine gba ìjọba mọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí ọkọ kú sí àtìmọ́lé. Àárín ìyá àti ọmọ kò sì gún títí tí Catherine fi wàjà lọ́dún 1796.

Orúkọ ọkọ tó kú yìí ni Pugachev, olórí ọ̀tẹ̀ inú ìwé náà, gbé kiri láti ọdún 1773. Ó ní òun ni Peter Kẹta, pé òun kò kú rárá. Ìnira àwọn Cossack àti àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n sọ di ẹrú ló bí ogun náà, ṣùgbọ́n orúkọ òkú ààfin ló fi kó wọn jọ.

Pushkin mọ gbogbo èyí. Lọ́dún 1834 ló tẹ ìtàn ọ̀tẹ̀ náà jáde. Ṣùgbọ́n Nicholas Kìíní, ọmọ Paul, ló wà lórí oyè, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń yẹ ìwé Pushkin wò láti ọdún 1826. Ta ni yóò tú àṣírí ìyá àgbà ọba lójú ọba? Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ.

Catherine fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ó kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì fi í pamọ́ títí tó fi jáde nílùú London lọ́dún 1859. Níbẹ̀ ni a ti rí ìyá ọlọ́mọ tí wọ́n dá nìkan sílẹ̀ lórí ibùsùn ìkúnlẹ̀, tí wọ́n gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ka ìwé méjèèjì yóò mọ̀ pé àánú tí Pushkin ní ọbabìnrin ṣe fún ọmọ ẹlòmíràn nínú ọgbà, wọn kò jẹ́ kó ráyè ṣe é fún ọmọ tirẹ̀ nínú ààfin.