Ṣé O Mọ̀? Ẹ́ńsáìmù Tó Ń Parí Oògùn

Ṣé o mọ̀ pé inú erùpẹ̀ ni wọ́n ti rí erythromycin? Ní 1949, dókítà ará Philippines kan, Abelardo Aguilar, bu erùpẹ̀ ní Iloilo, ó sì fi í ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ Eli Lilly ní Amẹ́ríkà. Bakitéríà kan tí wọ́n bá nínú rẹ̀, Saccharopolyspora erythraea, ló ń ṣe oògùn náà. Ó dé ọjà ní 1952, ó sì gba àwọn tí ara wọn kì í gba pẹnisílíìnì là.

Ṣé o mọ̀ pé bakitéríà yìí kì í ṣe é tán lẹ́ẹ̀kan náà? Ẹ́ńsáìmù lóríṣiríṣi ló ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Èyí tó sábà máa ń kẹ́yìn ni EryG. Kábọ́ọ̀nù kan àti háídrójìn mẹ́ta, tí wọ́n ń pè ní mẹ́tílì, ni ó ń so mọ́ ọ̀kan nínú ṣúgà méjì tó wà lára oògùn náà. Kó tó so ó, erythromycin C ni. Bó bá ti so ó tán, ó di erythromycin A, ògidì tí à ń lò. Átọ́ọ̀mù 115 ló wà nínú C, 118 nínú A. Mẹ́ta péré ni A fi ju C lọ, torí háídrójìn kan ti kúrò níbi tí mẹ́tílì so mọ́!

Ibo wá ni EryG ti ń rí mẹ́tílì? Lára SAM ni, èròjà kan tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì tìrẹ náà.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù rèé: kí ló dé tí oògùn náà kì í pa bakitéríà tó ń ṣe é? Ráíbósómù, ibi tí kòkòrò ti ń ṣe purotéènì, ni erythromycin ń dì mọ́. Ẹ́ńsáìmù mìíràn, ErmE, a máa fi mẹ́tílì sí ráíbósómù bakitéríà náà, oògùn kò sì ní ráyè dì mọ́ ọn.

Ilé-iṣẹ́ oògùn Taisho ní Japan náà fi mẹ́tílì kan kún erythromycin, ó di clarithromycin, tí omi kíkan inú ikùn kì í tètè bà jẹ́.

Àmọ́ Staphylococcus tó ń fa eéwo náà ti ní irú ẹ́ńsáìmù Erm yìí. Nínú àwọn kan, ńṣe ló ń sùn. Erythromycin díẹ̀, tí kò tó pa kòkòrò, ló ń jí i. Nítorí náà, bí dókítà bá kọ erythromycin fún ọ, lò ó pé. Má sì ra hóró méjì lọ́wọ́ ẹni tó ń polówó oògùn nínú mọ́tò.