Ọyẹ́ Ti Dé: Kí Ló Ń Mú Kí Ère Sán?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ètè yín náà ti ń bó? Ọyẹ́ ti dé sí Pleasure ńbí o. Bó ṣe ń la ètè wa, bẹ́ẹ̀ náà ló ń la igi.

Lọ́dún tó kọjá, mo ra ère ìbejì kan, mo gbé e síwájú fáànù. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ó ti sán láti orí dé ìdí. Owó mi wọgbó!

Kí ló fà á? Atẹ́gùn ọyẹ́ ń bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, ó gbẹ táútáú. Kíá ló máa ń fa omi ara igi, àmọ́ inú igi ṣì tutù. Ara ń súnkì, inú ò súnkì, ni igi bá sán.

Igi tútù làwọn agbẹ́gilére wa sábà máa ń gbẹ́, irú bí igi ọmọ, torí pé ó rọ̀ lọ́wọ́. Nítorí náà, tọ́wọ́ bá sinmi, wọ́n á fi aṣọ tútù tàbí ọ̀rá wé e. Wọ́n lè fi òróró tàbí ọ̀dà kun ojú ibi tí wọ́n ti gé e, torí ibẹ̀ lomi ti ń yára jáde jù. Tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ tán, abẹ́ ibòji ló máa wà, kó lè gbẹ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, híítà yín ń ṣe iṣẹ́ ọyẹ́ o! Ẹ má gbé ère sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ère, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: “Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ gbẹ́ ẹ?”