Tábà Tó Bá Bu, Owó Ti Wọgbó

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ta tábà, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ti gbin tábà rí ní Òkè-Ògùn mọ̀ pé iṣẹ́ ò tíì parí tí ewé bá gbẹ. Inú yàrá tí wọ́n kó o sí gan-an lowó ti ń ṣègbé.

Ọ̀tá rẹ̀ kò ju méjì lọ: ọ̀rinrin àti kòkòrò.

Kí ẹ tó dì í, ẹ ṣẹ́ ọ̀pá àárín ewé wò. Tó bá dá pàkà, ó ti gbẹ. Tó bá ń tẹ̀ bí okùn, omi ṣì wà níbẹ̀, ẹ tún un sá. Ṣùgbọ́n ewé tó gan jù a máa rún wómúwómú. Nítorí náà, ìdájí ni kí ẹ fọwọ́ kàn án, nígbà tí ìrì bá ti mú un rọ̀ díẹ̀.

Ẹ má dì í sínú ọ̀rá, yóò làágùn, yóò sì bu. Àpò kóko ló dáa, lórí pákó, kó má kan ilẹ̀ tàbí ògiri. Nígbà òjò, ẹ máa tú u wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Kòkòrò pupa rúsúrúsú kan wà, kò tó ìdajì hóró ìrẹsì. Ihò wínníwínní àti ìyẹ̀fun lẹ ó fi mọ̀ ọ́n. Ẹ yọ ìdì náà kúrò kíá, ẹ má kó tuntun mọ́ ògbólógbòó. Ẹ má sì fín oògùn kòkòrò sí i: imú èèyàn ni aáṣà ń lọ!

Èyí tó bá ti bu, ẹ dà á nù. Ẹ má lọ̀ ọ́ mọ́ èyí tó dáa.

Òótọ́ kan kù: tábà ń fa jẹjẹrẹ. Ẹni tó ń tà á, kò pọn dandan kó máa fín in.